Ẹ̀rù ló ń ba ajá yín, kì í ṣe pé ó rorò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí ẹnìkan kọ sí yín láìpẹ́ yìí, pé kí ìjọba bá wa kó gbogbo ajá kúrò nígboro Ìbàdàn kí wọ́n tó pa wá jẹ. Mi ò bá a jà. Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè kí n sọ tèmi, torí ọ̀rọ̀ ajá nílùú yìí, ojúgun mi mọ̀ ọ́n. Àpá mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Púlọ́ḿbà ni mí, Ológunẹrú ni mò ń gbé. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kan géètì onígéètì, láti Ẹlẹ́yẹlé dé Bódìjà, láti Akóbọ̀ dé Mọ́níyà. Iṣẹ́ wa kò dà bíi ti télọ̀ tí oníbàárà ń wá bá ní ṣọ́ọ̀bù. Àwa là ń lọ bá wọn nílé. Kí n tó mọ ibi tí páìpù ti ń jò, ajá ilé ni mo máa kọ́kọ́ bá pàdé. Mo ti wá mọ oríṣiríṣi wọn. Èyí tó ń gbó tó sì ń ju ìrù, ariwo lásán ni. Èyí tó dúró gbagidi tó ń wò mí, mo máa ń dúró kí onílé jáde. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni èyí tó ń gbó tó ń fà sẹ́yìn, tó ká ìrù sábẹ́ ikùn, tí etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, tí funfun ojú rẹ̀ sì ń hàn. Ẹni tó ni ín á máa rẹ́rìn-ín lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, á ní, "Púlọ́ḿbà, má sún mọ́ ọn o, ajá mi rorò!"

Ajá ò rorò, ẹ̀rù ló ń bà á. Àpá mẹ́ta tó wà lójúgun mi yìí, ajá tí ẹ̀rù ń bà ló dá gbogbo rẹ̀ sí i.

Mi ò mọ èyí nígbà tí èmi alára máa ra ajá. Ìparí ọdún 2019 ni. Olè wọ àdúgbò wa lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, wọ́n tú ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga mi lọ. Mo bínú, mo lọ ra ọmọ ajá lẹ́bàá títì, lọ́wọ́ àwọn tó máa ń kó wọn sínú kéèjì onírin lójú oòrùn. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Irọ́ ni. Eyín rẹ̀ ò tíì pé lẹ́nu. Bí mo bá ní ó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo ṣe àánú rẹ̀. Wọ́n ti já a gbà lẹ́nu ọmú kó tó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jìjàkadì tó, bẹ́ẹ̀ ibi ìjàkadì yẹn ni ọmọ ajá ti ń kọ́ ìwọ̀n tó yẹ kó fi eyín múni: bó bá gé èkejì rẹ̀ jẹ jù, ìyẹn á ké, eré á sì bàjẹ́.

Mo sọ ọ́ ní Tiger. Gbogbo àdúgbò ló di olùkọ́ mi. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kàn án, kí ọmọdé má bá a ṣeré, kí ó má rí ìta rárá. Pé bó bá ti mọ èèyàn púpọ̀, olè á ju ẹran sí i, òun náà á sì máa tẹ̀ lé olè. Ẹnìkan tilẹ̀ ní kí n máa fi ata gbígbẹ sínú oúnjẹ rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè gbóná. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ àfi ti ata. Mo jó kéèjì fún un lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì, níbi tí kò ti lè rí nǹkan kan ju ògiri lọ. Àwọn ìbejì mi ti dàgbà, wọn kì í gbé ilé mọ́. Ìyàwó mi a gbé oúnjẹ fún un, èmi a fọ ibẹ̀, ó parí. Ẹ má jẹ́ n fi kòrónà bojú: ká ní kò sí kòrónà náà, bẹ́ẹ̀ ni ǹ bá ṣe.

Nígbà tó fi ń sún mọ́ ọdún kan, ohùn rẹ̀ ń mi ilẹ̀. Mo ń yangàn.

Ọ̀sán Sátidé kan, ọmọbìnrin aládùúgbò wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, wá pọn omi. Mo ti ṣí kéèjì kí n lè fọ̀ ọ́, mo sì gbàgbé géètì kékeré tó lọ sẹ́yìn. Kẹ́ẹ̀gì bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ró gbàgà lórí kọnkéré. Tiger ò tíì rí ọmọdé nítòsí rí. Mo tún un sọ: odindi ajá, kò tíì rí ọmọdé nítòsí rí láyé rẹ̀. Kò gbó. Ó kàn fò. Apá òsì ọmọ náà ló bù jẹ, lókè ìgúnpá, eyín mẹ́rin wọlé.

Ẹ mọ bí àdúgbò wa ti rí. Kí n tó fa ajá kúrò, epo pupa ti dé, eérú ti dé, ẹnìkan ti ń wá abẹ tó fẹ́ fi rẹ́ irun Tiger kó lè jó o mọ́ ojú egbò. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ilé kẹta sí wa ló fi ariwo lé gbogbo wọn. Ó fa apá ọmọ náà sábẹ́ ẹ̀rọ omi tí èmi fi ọwọ́ ara mi ṣe, ó fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi ni mo di ọmọ náà mú. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tì í pa, ó wojú mi, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ajá yìí ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi?"

Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọdún kan péré ni o, tí ọmọ ajá lè gbà bó bá ti pé oṣù mẹ́ta. Mo ra irin kéèjì, mo ra ìlẹ̀kẹ̀ irin sí i lọ́rùn, mo ra ṣéènì. Abẹ́rẹ́ nìkan ni mi ò rà.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí dìgbòlugi jẹ́ gan-an. Èmi tẹ́lẹ̀, mo rò pé ajá tó ń ya wèrè láàárín ọjà nìkan ló ní in. Itọ́ ajá ló ń gbé e wọ ojú egbò, á wá máa gba inú iṣan ìmọ̀lára, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀, rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Bó bá ti débẹ̀, tí ìbẹ̀rù omi àti ìgbọ̀nrìrì bẹ̀rẹ̀, kò sí dókítà tó lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́, ká má tan ara wa. Kó tó débẹ̀ la lè lé e bá: ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́, tí a máa ń tún gbà ní ọjọ́ kẹta, ìkeje àti ìkẹrìnlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí 59,000 èèyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dún lágbàáyé, pé nínú 100 tó bá kó o, ajá ló kó o ran 99, àti pé mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi ni mo san owó abẹ́rẹ́ ọmọ náà, gbogbo rẹ̀, mo sì ń bá ìyá rẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n dá fún wa.

Wọ́n ní ká ṣọ́ ajá náà fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bó bá wà láàyè tí nǹkan kan ò ṣe é, a jẹ́ pé àrùn náà kò sí nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó géni jẹ. Kò kú. Ní ọjọ́ kejìlá, ọkùnrin kan wá, ó ní òun gbọ́ pé mo ní ajá tí mo fẹ́ tà. Mo mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Mi ò bèèrè. Mo gba owó, mo fi dí owó abẹ́rẹ́ tó kù. Tiger tẹ̀ lé e jáde, ìrù lábẹ́ ikùn, ó ń wo títì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé ayé. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí òpópónà wa nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti gbé e wọlé.

Mi ò fẹ́ ajá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àmọ́ ní 2022, ajá àbúrò mi bímọ ní Mọ́níyà, ajá ilẹ̀ wa gidi, onírun pupa rúsúrúsú. Mo ní bí mo bá máa gbà á, á kọ́kọ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, mo sì gbé e lọ tààrà sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn. Dókítà obìnrin kan níbẹ̀ ló la ojú mi. Ó ní láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta dé ìkẹrìnlá tí wọ́n bá bí ọmọ ajá, inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ìlẹ̀kùn ọjà. Ohun tó bá rí lásìkò yẹn, tí kò pa á lára, á kà á mọ́ ohun ayé. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlẹ̀kùn á máa tì; ohun tí kò bá mọ̀, ọ̀tá ni. Ó ní àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tọ́ àwọn ọmọ ajá nínú pápá tí wọ́n ṣọgbà gíga yí ká, tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n rí èèyàn. Àwọn tí wọn kò fọwọ́ kàn títí wọ́n fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, bí ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n rí, ọdún 1961 ni wọ́n sì ti kọ ọ́ jáde. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń ka ọ̀sẹ̀ Tiger lórí ìka. Ohun tí wọ́n ṣe nínú pápá ní Amẹ́ríkà ni mo ṣe lẹ́yìn táńkì ní Ológunẹrú.

Mo ní, "Dókítà, ẹ̀yin náà lẹ tún ní abẹ́rẹ́ ọmọ ajá kì í pé títí á fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún." Ìbéèrè tó gún régé nìyẹn, ó rẹ́rìn-ín. Àrùn parvo ń bẹ nílẹ̀, inú ìgbẹ́ ajá ló ń wà, ó sì lè pẹ́ nínú iyẹ̀pẹ̀ ju oṣù mélòó kan lọ. Ó ń fi ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀ pa ọmọ ajá kí ẹ tó wá owó mọ́tò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ẹ máa dúró kí abẹ́rẹ́ pé, ìlẹ̀kùn ọjà ti tì. Ohun tó ní kí n ṣe ni pé, bí ọ̀sẹ̀ kan bá ti kọjá lórí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, tí mo sì ti fún un ní oògùn aràn, kí n máa gbé e jáde lọ́wọ́. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀ ibi tí ajá tí mi ò mọ̀ ń ya ìgbẹ́ sí, ó tán.

Bí mo ṣe kó súpánà kúrò nínú àpò irinṣẹ́ mi kan nìyẹn, mo ki ọmọ ajá bọ̀ ọ́, orí nìkan ló yọ. A jọ ń lọ síṣẹ́. Ọlọ́kadà kan ní Sángo ní, "Bàbá, ẹni kejì yín yìí náà á sanwó o." Àwọn ará àdúgbò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àgbàlagbà ń pọn ajá, pé ajá tí yóò máa bá olè ṣeré ni mò ń tọ́. Torí tiwọn ni mo ṣe sọ ọ́ ní Ẹ-máa-wò-ó. Ẹ mọ̀ pé àwọn bàbá wa máa ń fi orúkọ ajá ránṣẹ́ sí aládùúgbò. Ìgbà tí mo bá ń pè é lówùúrọ̀, ẹni tó bá kàn ti gbọ́.

Iwájú ẹ̀rọ ìlọta ní ọjà Bódìjà ló ti kọ́kọ́ já mi láyà. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ké, ọmọ ajá ki orí bọ abíyá mi, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì lábẹ́ ọwọ́ mi bíi ti adìyẹ tí wọ́n fẹ́ pa. Èèyàn lè rò pé kí n dúró síbẹ̀ títí á fi mọ́ ọn lára. Rárá o, dókítà ti kìlọ̀: ẹ má fi ipá kì í mọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù, ṣe lẹ máa dá kún ìbẹ̀rù náà. Mo padà sẹ́yìn dé ibi tí àwọn alágbo wà, níbi tí ariwo náà ti rọlẹ̀, mo fún un ní edé gbígbẹ kan. Ó kọ̀ ọ́. Mo dúró. Nígbà tó yá, imú rẹ̀ jáde, ó gbà á. Mo lọ sílé. Ọjọ́ kejì, a sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Ní ìgbà kẹrin, ó ń sùn nínú àpò nígbà tí wọ́n ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Báyìí la ṣe ṣe gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú edé gbígbẹ. Jẹnẹrétọ̀, gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí, obìnrin tó wọ ẹ̀há, ọkùnrin tó ń fi ọ̀pá rìn, ọmọ iléèwé tó ń sáré, agbòjò tí wọ́n ṣí lójijì. Nígbà tí egúngún jáde lọ́dún yẹn, mo gbé e dúró lọ́nà jíjìn kó lè gbọ́ bàtá. Ti Olóòlù ni mi ò dán wò. Obìnrin kì í rí Olóòlù, abo sì lajá mi.

Ọmọbìnrin tí Tiger bù jẹ ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà. Bó bá máa kọjá níwájú ilé wa, òdìkejì títì ló máa ń gbà. Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó ń wo Ẹ-máa-wò-ó lẹ́sẹ̀ mi. Ó ní, "Bàbá, ṣé èyí náà máa bù mí jẹ?" Mi ò sọ pé rárá. Mo ní kó jókòó sórí òkúta lọ́hùn-ún, kó kọ ẹ̀yìn sí wa díẹ̀, kó má nawọ́. Ọmọ ajá lọ gbóòórùn sálúbàtà rẹ̀, ó padà. Ó tún lọ. Ọmọ náà di ojú, ó di ẹnu. Ìgbà kẹta, ajá gbé àgbọ̀n lé e lórí itan. Apá tó ní àpá yẹn gan-an ló fi rọra fọwọ́ kàn án láyà. Mo ní láti lọ wo bóyá omi ń jò lẹ́yìn ilé. Kò sí omi kankan tó ń jò.

Ẹ ó bi mí pé ṣé ajá tó mọ gbogbo ayé yìí ń ṣọ́lé. Tiger ń gbó ewúrẹ́, ó ń gbó ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ gbé, ó ń gbó òṣùpá. A ti dẹ́kun àtidìde. Ẹ-máa-wò-ó kì í gbó títí ọ̀sẹ̀ á fi parí nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ní nǹkan bí aago méjì òru, ó gbó lọ́nà tí mi ò gbọ́ rí, ó jinlẹ̀, kò dá a dúró. Kí n tó tan iná, ẹsẹ̀ ẹnìkan ló kù lórí ògiri. Ajá tó ti rí ohun tó ń lọ déédéé ló mọ èyí tí kò lọ déédéé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó. Ọdẹ ni bàbá bàbá mi, ní ìhà Ìdó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ajá rẹ̀ máa ń bímọ sí, àárín ọmọ, àárín adìyẹ. Kí ojú ọmọ ajá tó là dáadáa, ọwọ́ àwa ọmọdé ló wà. Ó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sóko, ó ń kọ́ ohùn fèrè ọdẹ láti kékeré. Ajá yẹn ń lé òkété dé ìdí ihò, síbẹ̀ adìyẹ ilé ń jẹ oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ògiri gíga àti géètì onírin la fi ba ti ayé ìsinsìnyí jẹ́. A kọ́ ilé tán, a wá ń wá ẹran tí kò mọ èèyàn tí yóò máa gbé inú rẹ̀. Ti àwọn tó ń fi owó ńlá ra ajá onírun jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ láti òkè olótùútù Caucasus, tí wọ́n wá so ó mọ́ abẹ́ páànù nínú oòrùn Ìbàdàn kí àlejò lè mọ̀ pé wọ́n lówó, mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, kí ìbínú má bàa gbé mi.

Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ní ajá ìgboro kò lólówó. Mo ń kọjá lówùúrọ̀ kùtùkùtù, mo sì mọ ilé tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń jáde. Bó bá di aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n á ṣí géètì kí ajá lọ wá oúnjẹ jẹ lórí ààtàn. Bó bá di ìdájí, wọ́n á ṣí i fún un padà. Abo á lóyún níbẹ̀, kò sì gbà ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ tí á fi bí ọmọ mẹ́fà méje. Wọ́n á kó ọmọ náà sínú páálí lọ sórí ààtàn kan náà. Èmi ti ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún tèmi kó má bàa bímọ. Bí ẹ bá kó àwọn ajá yìí lónìí, tí onígéètì wà níbẹ̀, ẹ ó tún kó òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tó ń dá dìgbòlugi dúró ni kí àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ajá àdúgbò gba abẹ́rẹ́. Nígbà náà, àrùn náà kò ní rí ibi fò sí mọ́.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé. Mo fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ wá sí àdúgbò lọ́jọ́ náà, kì í ṣe kí wọ́n máa retí kí ìyá àgbà fa ajá wọ mọ́tò lọ sí Yunifásítì. Mo sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ onílé kọ̀ọ̀kan máa bèèrè káàdì abẹ́rẹ́ ajá bí wọ́n ṣe ń bèèrè owó ọlọ́dẹ. Ìpàdé tiwa ń bọ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, akọ̀wé ti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi. Bí ẹ bá lè bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde kó tó dìgbà náà, inú mi á dùn, torí alága wa kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, mo sì fẹ́ fi ìṣẹ́jú méjì níbẹ̀ sọ ti ọ̀rá ìdọ̀tí tó dí gọ́tà wa.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì, púlọ́ḿbà,
Ológunẹrú, Ìbàdàn.